Ìdí Ìbọn àti Ọ̀nà Oǹdó: Àyẹ̀wò Àyípadà Adínnáwókù Lára Ohun Ìjà àti Ipa Rẹ̀ Nínú Ogun Kírìjì

Ìbéèrè tí ó bí iṣẹ́ yìí

Nínú àwọn ogun tí àwọn Yorùbá bá ara wọn jà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Kírìjì wà lára èyí tí àwọn òpìtàn kọ̀wé lé lórí jù lọ. A mọ àwọn balógun tí ó jà á. A mọ ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀, a sì mọ ọdún tí ó parí. A ti gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́ pé ìbọn ìgbàlódé tí àwọn Èkìtìparapọ̀ rí gbà láti Èkó ni kò jẹ́ kí Ìbàdàn rí wọn ṣẹ́. Ìró ohun ìjà ni wọ́n tilẹ̀ sọ pé ó fún ogun náà ní orúkọ tí ó ń jẹ́. Ohun tí a kò tíì fi taratara bèèrè ni pé: báwo ni ìbọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún àwọn ọmọ-ogun tirẹ̀ ṣe di ohun tí ó pọ̀ tó, tí ó sì rọjú tó, tí ó fi dé ọwọ́ jagunjagun kan lórí òkè nítòsí Ìmẹ̀sí-Ilé? Ìbéèrè kejì sì rọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́: nígbà tí ìbọn náà dé ọ̀hún, kí ni ó kù tí kò lè dá ṣe fún ara rẹ̀?

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìbọn Snider, tí ó jẹ́ pàtàkì nínú àwọn ìbọn wọ̀nyí, jẹ́ èso ìgbìyànjú ìjọba kan láti ra agbára ogun ní owó pọ́ọ́kú; pé ìgbìyànjú náà yọrí sí rere ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé àwọn tí ó ṣe é kò wo ìbọn nìkan; àti pé nígbà tí ìbọn náà sọdá sí ilẹ̀ Yorùbá, ó fi ìdajì ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀nà kan, èyíinì ni ọ̀nà Oǹdó, ni ó wá di ìdajì kejì fún un. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ipò tí ìlú Oǹdó wà nínú ìtàn Kírìjì kì í ṣe ohun tí a lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo kọjá lórí rẹ̀, bí a ti máa ń ṣe.

Ojú tí a fi wò ó

Láti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún ogún ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń lo orúkọ náà systems engineering fún ọ̀nà ìrònú kan tí a ó máa pè ní ìmọ̀ ìhun-ètò nínú iṣẹ́ yìí. Ní Bell Telephone Laboratories ni orúkọ náà ti gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1940. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1950, ìmọ̀ yìí ni ìjọba wọn fi ń darí iṣẹ́ àwọn ohun ìjà tí ń fò ré òkun kọjá. Nǹkan bí ìgbà kan náà ni Lawrence D. Miles ti ilé-iṣẹ́ General Electric gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ fún dídín ìnáwó kù. Kì í bèèrè pé èló ni ẹ̀yà kan lára ẹ̀rọ. Ohun tí ó ń bèèrè ni iṣẹ́ tí ẹ̀yà náà ń ṣe, àti ohun mìíràn tí ó lè ṣe iṣẹ́ kan náà ní owó tí ó kéré sí i. Ní 1954 ni ẹ̀ka tí ń kan ọkọ̀ fún àwọn ọmọ-ogun ojú omi Amẹ́ríkà gba ọ̀nà yìí wọlé. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì ti ń rìn pọ̀: bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yí ẹ̀yà kan padà kí owó lè dínkù, wọn yóò ní kí ó kọ́kọ́ fi hàn bí àyípadà náà yóò ti kan gbogbo ohun yòókù tí ẹ̀yà náà ń bá ṣiṣẹ́.

Ìpìlẹ̀ èyí kò ṣàjèjì sí ọdẹ. Nínú ẹ̀bìtì, òkúta wà, igi tí ó gbé òkúta dúró wà, oúnjẹ wà, ipa tí ẹran ń tọ̀ náà sì wà. Ẹni tí ó rí igi mìíràn nítòsí, tí ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí kò sì ná an ní wàhálà kankan, lè fi í pààrọ̀ kí ó sì rò pé òun ti jèrè lọ́nà méjì. Ṣùgbọ́n bí igi náà bá le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹran fi jẹ oúnjẹ tán tí òkúta kò yẹ̀, kò sí ẹ̀bìtì níbẹ̀ mọ́. Òkúta àti igi ni ó kù.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan sọ pé ẹ̀wù tí a rán ní ọgọ́rùn-ún ọdún ogún ni a ń gbé wọ àwọn ará ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún yìí. A gbà pé kò sí ẹni tí ó pe iṣẹ́ rẹ̀ ní ìmọ̀ ìhun-ètò ní Enfield tàbí ní Oǹdó nígbà náà. Síbẹ̀, ètò wà kí orúkọ tó wà. Ohun tí ojú ìwòye yìí ń ṣe fún òpìtàn ni pé kì í jẹ́ kí ó dúró sí ìdí ìbọn nìkan. Ó ń fi ipá mú un bèèrè ibi tí ọta ti wá, ẹni tí ó rù ú, àti ẹni tí ó ṣí ẹnubodè fún un.

Àtúnṣe ọdún 1866

Ní 1853 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìbọn Enfield wọlé fún àwọn ọmọ-ogun orí ilẹ̀ rẹ̀. Ìbọn àkìlẹ́nu ni: ẹ̀tù ń gba ẹnu rẹ̀ wọlé, ọta ń tẹ̀lé e, a ó sì fi ọ̀pá gún un dé ìdí. Inú agba rẹ̀ ní ìlà tí ó lọ́ yípo, èyí tí ń mú kí ọta máa pòyì bí ó ti ń lọ, tí ó fi ń lọ jìnnà, tí ó sì ń bá ibi tí a rán an. Enfield dára púpọ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1864, Prussia gbógun ti Denmark, gbogbo Yúróòpù sì rí ohun tí ìbọn àkìnídìí, irú èyí tí Dreyse ṣe, lè ṣe. Ẹni tí ó ń ki ìbọn rẹ̀ ní ìdí kò níláti dìde dúró. Ó lè dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ebè kan kí ó máa kì í kí ó sì máa yìn ín, nígbà tí ẹni tí ń ki ti ẹnu ṣì wà lórí ìdúró tí ń wá ọ̀pá rẹ̀.

Ìṣòro ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni pé Enfield tí ó wà nílẹ̀ kò lóǹkà. Láti kó gbogbo rẹ̀ dànù kí a sì rọ òmíràn yóò gba owó àti àkókò. Ní 1864 kan náà ni wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan láti wá bí a ó ti sọ àwọn Enfield wọ̀nyí di àkìnídìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mú àbá wá; èyí tí ó borí ni ti Jacob Snider, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbà á wọlé ní 1866. Snider kò pẹ́ láyé jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Inú ọdún náà gan-an ni ó kú.

Ohun tí àbá náà wí kò ṣòro láti júwe. A ó gé nǹkan bí íǹṣì 2½ kúrò ní ìdí agba ìbọn. A ó so àpótí irin kékeré kan mọ́ ibi tí a gé. Àpótí yìí ní ìdérí tí ó ní àgbékọ́, tí ń ṣí sí ọwọ́ ọ̀tún. A ó ṣí ìdérí, a ó ti ọta tí ó ti ní ẹ̀tù tirẹ̀ nínú bọ̀ ọ́, a ó pa á dé, a ó sì yìn ín. Bí ó bá dún tán, a ó ṣí ìdérí, a ó fà á sẹ́yìn kí páálí òfìfo lè jáde, a ó sì dojú ìbọn dé kí ó lè bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò yí padà ni ó yẹ kí a tẹjú mọ́. Igi ìbọn kò yí padà. Agba kò yí padà, bí a bá yọ ti ìdí tí a gé kúrò. Ọ̀bẹ ẹnu ìbọn kò yí padà. Jagunjagun tí ó ti mọ Enfield gbé kò níláti kọ́ bí a ti ń gbé ìbọn lẹ́ẹ̀kejì; ìkì nìkan ni ó kù fún un láti tún kọ́.

Ibi tí ó rinlẹ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kò sí lára ìbọn rárá. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, ọta rẹ̀ kò lọ déédéé bí ti Enfield àtijọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò kọjá irin ì bá ti padà sí ìdí àpótí náà kí ó máa fi ayùn rẹ́ ẹ. Edward Boxer, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ọba ní Woolwich, padà sí ìdí ọta. Ó fi idẹ pẹlẹbẹ tí a ká bí ẹní ṣe páálí rẹ̀, ó fi irin ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó fi fìlà iná kékeré sí àárín ìsàlẹ̀ náà, ó sì fi amọ̀ sísun dí ìdí òjé kí ó lè fẹ̀ mọ́ inú agba bí iná bá ti ràn. Pẹ̀lú ọta yìí, ìbọn àtúnṣe náà dára ju èyí tí a tún ṣe lọ. Ọmọ-ogun tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè yin Enfield ní nǹkan bí ìgbà 3 ní ìṣẹ́jú kan. Snider lè dé 10.

Nítorí náà, owó tí ìjọba dín kù lórí ìbọn, wọ́n san díẹ̀ nínú rẹ̀ padà lórí ọta. Iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ jagunjagun tẹ́lẹ̀, bí i wíwọn ẹ̀tù àti gígún un, ti kúrò lójú ogun lọ sí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Èyí kò ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lára, nítorí Woolwich wà níbẹ̀, ọ̀nà rélùwéè wà, ọkọ̀ ojú omi sì wà. Àfi ibi tí kò bá sí ohun kan nínú ìwọ̀nyí.

Ní 1871 ni wọ́n gba Martini-Henry wọlé, Snider sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ láti ọwọ́ ọmọ-ogun sí ọwọ́ ọlọ́pàá àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ilẹ̀ àmúnisìn. Wọ́n lò ó nínú ogun Àṣáńtì ní 1873 sí 1874. Láti ìbẹ̀ ni ó ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn oníṣòwò etíkun.

Ọ̀nà Oǹdó

Láti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni rògbòdìyàn ti lé àwọn ará Oǹdó kúrò ní Òde Oǹdó, tí ìlú náà sì di ahoro fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ń ti ọ̀nà tiwọn bí ó bá ti wù wọ́n, John Hawley Glover, alákòóso Èkó, ń wá ọ̀nà mìíràn tí kò ní gba ilẹ̀ wọn kọjá. Ìhà ìlà-oòrùn ni ó rí i: kí ọkọ̀ gba orí ọ̀sà lọ sí ìhà Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, kí ẹrù sì fi ẹsẹ̀ gba inú igbó dé Oǹdó, kí ó ti ibẹ̀ lọ sí Òkè-Igbó, Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ní 1872 ni ó rán Captain Goldsworthy lọ láti parí ìjà àwọn ará Oǹdó, wọ́n sì padà sí ìlú wọn ní ọdún náà. Ọdún náà sì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọ Glover kúrò ní Èkó, tí kò fi rí èrè ọ̀nà tí ó là. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣojú rere sí àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀.

A gbọ́dọ̀ kíyè sí i pé a kò la ọ̀nà yìí fún Èkìtìparapọ̀. Ẹgbẹ́ náà kò tíì sí. Ìṣòwò ni Glover ń wá, ó sì fẹ́ kí Ìbàdàn pàápàá rí ibi gbà dé Èkó. S. A. Akíntóyè ti ṣe iṣẹ́ tí ó jinlẹ̀ lórí ọ̀nà náà ní 1969, àwa kò sì ní í tún un ṣe. Ohun tí a fi kún un ni pé ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà kan nínú ètò, lè pààrọ̀ iṣẹ́ tí ó ń ṣe láìjẹ́ pé a gé ewéko kan lára rẹ̀. Ní 1878 ni Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, tí àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà àti Àkókó sì so ọwọ́ pọ̀. Ní 1882 ni Ifẹ̀ yí padà lẹ́yìn Ìbàdàn. Láti ìgbà náà, ọ̀nà kan náà tí a là nítorí epo àti aṣọ ti di ọ̀nà tí apá kan lè gbà, tí apá kejì kò lè gbà.

Bí a bá fi ojú odidi wo ọ̀nà yìí, a ó rí i pé ẹni tí ó dáwọ́ lé e pọ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó ń gbé Èkó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti Saró àti Bùràsíìlì dé, ni ó mọ ibi tí a ti ń ra ìbọn náà, tí ó mọ bí a ti ń lò ó, tí ó sì ní owó. Àwọn ni ó dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọlọ́kọ̀ orí ọ̀sà. Lẹ́yìn ìyẹn ni aláàárù. Lẹ́yìn aláàárù ni Òṣemàwé àti àwọn ìjòyè Oǹdó, tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ẹnubodè, gbogbo ohun tí a ti ń ka bọ̀ yìí di asán. Oǹdó kò sí nínú orúkọ ẹgbẹ́ náà, kò sì gbé àgọ́ sí ojú ogun. Ìdí nìyí tí ìwé fi máa ń fo ìlú náà. Ṣùgbọ́n bí òpìtàn bá kọ orúkọ Woolwich sínú ìtàn Snider, tí ó fi Oǹdó sílẹ̀ nínú ìtàn Kírìjì, a kò mọ òṣùwọ̀n tí ó fi wọ̀n wọ́n.

Ohun tí alágbẹ̀dẹ lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe

Ṣakabùlà ni ìbọn tí ó ti wà lọ́wọ́ àwọn jagunjagun wa tẹ́lẹ̀, àwọn òyìnbó kì í sì í fi ojú tó dára wò ó. Kò ní ìlà nínú agba, kò lọ jìnnà, òjò kékeré sì lè pa iná rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè irú ètò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ojúlé rẹ̀ bá yẹ̀, alágbẹ̀dẹ ìlú lè tò ó padà. Bí òjé bá wọ́n, alágbẹ̀dẹ lè rọ irin ní ọta. Bí irin bá tán, òkúta wẹ́wẹ́ ń ṣe é. Ẹ̀tù nìkan ni ó gbẹ́kẹ̀ lé etíkun, ẹ̀tù sì jẹ́ ohun tí a lè rà lọ́wọ́ oníṣòwò èyíkéyìí, tí a lè pín sí kèrègbè, tí a sì lè wọ̀n ní ìwọ̀n tí ó bá wu ẹni tí yóò yìn ín. Ìbọn tí ó ń forí jì ni ení bá fẹ́ lè pè é. Àwọn alágbẹ̀dẹ Oǹdó, níbi tí ọdún Ògún ti jẹ́ ọdún gbogbo ìlú, àti àwọn ti Àkúrẹ́, ń tún irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣe láìretí lẹ́tà láti ibì kankan.

Snider kì í forí jì. Alágbẹ̀dẹ lè da òjé rẹ̀. Bóyá ó tilẹ̀ lè tún àgbékọ́ ìdérí rẹ̀ ṣe. Ohun tí kò lè ṣe ni fìlà iná kékeré tí ó wà ní ìdí ọta, nítorí èròjà inú rẹ̀ kò sí nínú àgbẹ̀dẹ kankan ní ilẹ̀ Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè ká idẹ pẹlẹbẹ ní ìwọ̀n tí yóò wọ ìdí ìbọn láìha. Jagunjagun tí ọta rẹ̀ tán kò lè yá ẹ̀tù lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ̀ tí ó gbé ṣakabùlà. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àkókò náà jẹ́ kóńdó tí ó wọ́n. Ìnáwó tí Boxer gbé kúrò lójú ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wá tẹ̀dó sí orí aláàárù láàárín ọ̀sà àti Oǹdó.

Lójú ogun

Ìwé Samuel Johnson, tí ó parí ní 1897 tí àbúrò rẹ̀ Obadiah sì tẹ̀ jáde ní 1921, ni a gbára lé jù fún ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àgọ́ méjèèjì. Ìhà Ọ̀yọ́ ni Johnson ti ń wo ogun náà, kò sì yẹ kí a gbàgbé èyí. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ń wò ó láti ìhà àwọn tí ìbọn náà ń bà, ẹ̀rí rẹ̀ lórí ohun tí ó ṣe sí wọn ṣeé gbà. Ìbàdàn ti ń jà ní gbangba láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́: a ó sún mọ́ ọ̀tá, a ó yìnbọn, a ó padà sẹ́yìn lọ kì í, àwọn mìíràn yóò sì bọ́ síwájú. Ìjà bẹ́ẹ̀ bá ṣakabùlà mu, nítorí ọ̀tá náà ń kì í lọ́wọ́. Nígbà tí ìbọn tí kò nílò ìsinmi dé, ọgbọ́n ìjà náà di ọ̀nà ikú.

Èyí tí ó yà wá lẹ́nu ni pé Ìbàdàn kò fọ́. Bí ìbọn bá jẹ́ ohun gbogbo bí a ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ogun náà ì bá ti parí láàárín ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn tí Snider dé. Kò parí. Ààrẹ Látòósà kú sínú àgọ́ ní 1885, Ògèdèǹgbé kò sì tíì lè lé àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀. Àlàyé tí àwọn kan ń ṣe ni pé akọni ni àwọn Ìbàdàn. Àwọn mìíràn ní Ìbàdàn náà rí ìbọn tuntun díẹ̀ rà ní ìkẹyìn, pàápàá lẹ́yìn 1883 tí Ìjẹ̀bú lé Awùjalẹ̀ Afídípọ̀tẹ̀ kúrò nílé tí ọ̀nà tiwọn sì rọ̀. Òtítọ́ wà nínú méjèèjì. Ní èrò tiwa, ohun kẹta wà níbẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú wọn. Ìbọn tí ń yìn ní ìgbà 10 ní ìṣẹ́jú kan ń jẹ ọta 10 ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀nà igbó tí ènìyàn ń fi orí ru ẹrù gbà kò lè bọ́ ọ bí rélùwéè ti ń bọ́ ọ. Agbára tí ó wà lára ìbọn náà jẹ́ ti Enfield. Agbára tí ó wà lójú ogun jẹ́ ti ọ̀nà Oǹdó, èyí tí ó kéré jù nínú méjèèjì ni ó sì ń pinnu iye ìgbà tí ẹni tí ó gbé e lè fà á. Èyí tó láti dá Ìbàdàn dúró. Kò tó láti lé e lọ.

Ọ̀nà kan náà tí ọta gbà lọ ni alárinà gbà lọ. Charles Phillips, tí ó ti wà ní Oǹdó fún CMS láti 1877, ni ìjọba Èkó rán sí àgọ́ Èkìtìparapọ̀ ní 1886 nígbà tí Johnson lọ sí ti Ìbàdàn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n kéde àdéhùn àlàáfíà lójú ogun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 1893 ni àwọn àgọ́ tó túká ní tòótọ́. A kò rò pé ó jẹ́ èèṣì pé Oǹdó ni ìránṣẹ́ náà ti dìde. Ìlú tí ó wà ní ìdí ọ̀nà ni àwọn tí ó wà ní òpin ọ̀nà náà lè fetí sí.

Àkúrẹ́ àti ọ̀nà tí ó ti wà tẹ́lẹ̀

A kò lè fi Àkúrẹ́ sílẹ̀, nítorí ó fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ni ó lè gbé gbogbo ìbọn. Kí ọ̀nà Oǹdó tó là ni àwọn oníṣòwò Benin ti ń gba Àkúrẹ́ wọ ilẹ̀ Èkìtì, tí àwọn kan sì tẹ̀dó sí ìlú náà tí a ń pè wọ́n ní Ado-Àkúrẹ́ títí di òní. Ọ̀nà yìí gbé ìbọn àti ẹ̀tù pẹ̀lú ọjà mìíràn wá. Ó tó fún ṣakabùlà, nítorí ẹ̀tù nìkan ni ṣakabùlà ń bèèrè lọ́wọ́ ọ̀nà.

Fún Snider, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹni tí yóò rà á ní láti mọ irú ọta tí ó bá a mu, kí ó rí i rà léraléra láti ibì kan náà, kí ó sì rí ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ-ogun. Ní Èkó ni irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà, àwọn náà sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí ogun ń jà. Ọba Benin ń ṣọ́ ìṣòwò rẹ̀ lójú méjèèjì, kò sì sí ẹgbẹ́ ọmọ Èkìtì kan ní etíkun Benin tí yóò máa sáré fún àwọn ará ilé. Ọ̀nà méjì ni a ní níhìn-ín, tí méjèèjì wọ ilẹ̀ kan náà, tí ọ̀kan sì dàgbà ju èkejì lọ. Síbẹ̀ àbúrò ni ìbọn tuntun gbà. Àwọn tí ó fẹ́ mọ ìdí tí Àkúrẹ́, tí ó jẹ́ ìlú ńlá, kò fi di ibi tí a ti ń pín ìbọn ìgbàlódé fún Èkìtìparapọ̀ yóò rí díẹ̀ nínú ìdáhùn níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan láti ìgbà tiwa, àti òfin Brussels

Kí a má baà rò pé àìní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan ni ń fa irú ìṣòro yìí, ẹ jẹ́ kí a ya sí ilẹ̀ Vietnam díẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, ìjọba Amẹ́ríkà gba ìbọn M16 wọlé. Wọ́n pààrọ̀ irú ẹ̀tù tí a ṣe é fún pẹ̀lú irú mìíràn. Wọ́n fi kúróòmù tí ó yẹ kí a fi bo inú ìdí agba rẹ̀ sílẹ̀. Wọn kò sì fún àwọn ọmọ-ogun ní ohun tí wọn yóò fi máa nu ún tó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dà bí ohun ńlá lójú ẹni tí ó fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n pàdé lójú ogun, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í há mọ́ àwọn ọmọ-ogun lọ́wọ́, àwọn kan sì kú nídìí ìbọn tí wọn kò lè yìn. Ní 1967 ni ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tí Richard Ichord jẹ́ alága rẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà, tí ó sì dá àwọn aláṣẹ lẹ́bi. Ọgọ́rùn-ún ọdún àti ọ̀kan ti kọjá sí 1866. Àwọn ará Woolwich ti ọjọ́un, tí kò mọ orúkọ systems engineering, yí ìbọn padà wọ́n sì yí ọta padà pọ̀. Àwọn tí ó ni orúkọ náà yí ẹ̀tù padà láìwo ìbọn dáadáa.

Àwọn mìíràn tí ó mọ̀ pé ètò ni ohun ìjà ni àwọn aṣojú ìjọba tí ó ṣe òfin Brussels ní 1890. Òfin náà kà á léèwọ̀ láti kó ìbọn àkìnídìí àti ọta rẹ̀ wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ gbígbẹ ìhà àríwá títí dé ìhà gúúsù. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta-iná tí kò ní ìlà nínú agba, àti fún ẹ̀tù tí a ń tà fún un. Ẹni tí ó bá ka òfin náà pẹ̀lú ojú tí a fi wo Snider níhìn-ín yóò rí i pé wọn kò dààmú láti wá ìbọn tí ó ti wà lórí òkè kiri. Wọ́n di ọ̀nà ọta. Nígbà tí Gómìnà Carter dé àgọ́ ní 1893 láti tú wọn ká, Snider tí ó kù lọ́wọ́ àwọn jagunjagun kò lè yìn ju iye ọta tí ó wà nínú àpò wọn lọ.

Lóde òní, bí a bá rìn kiri Oǹdó tàbí Àkúrẹ́, a ó rí àgbẹ̀dẹ tí a ti ń tún ìbọn àwọn ọdẹ ṣe. Ìbọn àkìlẹ́nu ni.